Ẹ Tú U Ni àbí Ẹ Tù Ú?

Ọjọ́ tí mo gbé odidi àrọ̀ lé itan lójú omi dáàmù Òmù-Àrán, kò jọ pé yóò kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ká ní ó kù sí tèmi ni, ǹ bá ti gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi jọ jókòó kẹ́yìn, tó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọlọ́kadà kan kí wa kọjá, ó ní: "Bàbá, ẹ kú ìjókòó o! Ẹja ńkọ́?" Ìyá Ráṣídì rẹ́rìn-ín títí atẹ ẹ̀wà fi ń gbọ̀n lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti fi mí sáyé lọ. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo fẹ́ sọ.

Ráṣídì, ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ló gbé ọkọ̀ náà wá nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Kayáàkì ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ ojú omi oníke ni, tóóró báyìí, ẹnì kan ṣoṣo ló gbà, ihò kan sì wà láàárín rẹ̀ tí èèyàn máa ń jókòó sí, tí yóò sì na ẹsẹ̀ síwájú. Ó rí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńlá kan tó ti pọ́n. Ọmọ náà ní kí n máa fi najú. Ìyá rẹ̀ yí ọkọ̀ náà po, ó fi ìka kàn án wò.

"Ráṣídì, o ṣeun. Ta ló sọ fún ẹ pé bàbá ẹ mọ̀wẹ̀?"

"Màámi, ẹ̀wù tó ń gbéni léfòó wà nínú ẹ̀."

"Ó dáa. Bàbá Ráṣídì, ẹ gbọ́ o. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣubú sómi nínú nǹkan yìí, ọjọ́ náà ló di tèmi. Ẹ̀gẹ́ láfún ni mo máa rẹ sí i."

Mo rò pé àwàdà ni. Obìnrin yẹn kì í fi láfún ṣe àwàdà.

Ó pẹ́ tí mo fi ń lọ tí mò ń bọ̀ láìṣubú. Ọkọ̀ náà wá dùn mọ́ mi débi pé tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ohun tí mo máa fi ọwọ́ mi ṣe. Ẹja ẹ̀pìyà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni mò ń mú bọ̀ wálé. Ìyàwó mi a sì bi mí bóyá mo gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí wọn. Nínú fóònù, mò ń wo àwọn òyìnbó tó ń gbé ẹja ńlá lé itan nínú irú ọkọ̀ yìí, tí wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Mo ní ọjọ́ tèmi ń bọ̀.

Ó dé lọ́jọ́ Sátidé kan tí Gàníyù, àbúrò ìyàwó mi, wá kí wa láti Àjàṣẹ́. Ó ní òun fẹ́ rí bí mo ṣe ń tu ọkọ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá lọ sí dáàmù. Àwọn obìnrin kan ń fọ aṣọ létí omi. Mo mọ̀ pé wọ́n ń wò mí, mo sì mú àjẹ̀ dání bí ọ̀gá.

Bí mo ṣe ju ìwọ̀ sílẹ̀ báyìí, nǹkan já a gbà bí ẹni tó rí ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́ olè. Okùn ń gé mi lọ́wọ́. Ni mo bá so ó mọ́ ìdìmú tó wà níwájú mi. Mo rò pé mo gbọ́n. Àfi bí imú ọkọ̀ ṣe yí padà, tí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ èmi tọkọ̀tọkọ̀ lọ.

Ìyàwó mi ké láti etí omi: "Bàbá Ráṣídì! Ẹ tú u o! Ẹ tú u!"

Kí n tú okùn ló ń wí. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń fẹ́, ohun tí etí mi sì gbọ́ ni "Ẹ tù ú." Mo bá gbé àjẹ̀, mo ń tu ọkọ̀ kíkankíkan. Mò ń tù ú bọ̀ wá sétí omi, ẹja ń wọ́ ọ padà, ọkọ̀ wá ń pòòyì bí òkòtó.

"Mo ní ẹ tú u!"

"Mò ń tù ú! Ṣé o ò rí mi ni?"

"Kì í ṣe ọkọ̀! Ẹja! Ẹja ni kí ẹ tú!"

Mo dáwọ́ àjẹ̀ dúró. Ẹja? Ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló kù: kí n tù ú bí wọ́n ṣe ń tu ọmọ tó ń sunkún. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àmì ohùn, mo tẹ̀ síwájú, mo rọra fọwọ́ pa okùn, mo ní: "Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́, jàre. Máa rọra."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yẹn bi Gàníyù pé: "Kí ni Bàbá ń sọ?"

"Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́."

"Wọ́n ń bẹ ẹja?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Bóyá àna wọn ni."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ dé Èsìẹ́.

Bóyá ẹ̀bẹ̀ ló wọ̀ ọ́ létí o, bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ẹja náà yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Àrọ̀ ni. Orí rẹ̀ fẹ̀ bí ṣọ́bìrì, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn ju ti lèmọ́mù wa lọ. Mo na àwọ̀n ọwọ́ mi sí i, orí nìkan ló wọlé, bí ẹni dé fìlà. Mo bá rántí àwọn òyìnbó inú fóònù. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú, mo gbé e hẹ́ẹ̀, ó balẹ̀ sórí itan mi.

Mo yíjú sétí omi kí wọ́n lè rí mi dáadáa. Ìgbà náà ni àrọ̀ fura ibi tó wà. Ó forí wọ inú ihò náà lọ láàárín ẹsẹ̀ mi, ó ń jà, ẹ̀gún apá rẹ̀ sì gún mi. Mi ò ní sọ ibi tó ti gún mi. Mo dìde. Ẹnikẹ́ni kì í sì í dìde nínú irú ọkọ̀ yẹn.

Ọkọ̀ dojú dé. Mo mu omi yó. Mo gbà pé ó ti parí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka kálímà sókè. Mo ti fẹ́ kà á tán nígbà tí mo gbọ́ ohùn Ìyá Ráṣídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi:

"Bàbá Ráṣídì, ẹ dìde dúró."

Èyí kò ṣòro gbọ́. Mo dìde dúró. Gbogbo yíyí tá à ń yí ti gbé wa padà sétí omi láìfura, omi náà ò sì dé ìdodo mi.

Okùn mi kò kúkú tú. Gàníyù wọ́ ọkọ̀ gòkè, àrọ̀ sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ewúrẹ́ tí wọ́n fà lókùn, títí ó fi sùn sórí iyanrìn. Kò sẹ́ni tó gbé e.

Mo sọ fún ìyàwó mi pé: "O rí i? Tí mo bá tú u bó o ṣe wí, ó ti lọ nìyẹn."

"Mo rí i. Ẹja tiyín ni. Ọkọ̀ tèmi ni."

"Ẹja wọlé, kí ló tún kù?"

"Mi ò sọ̀rọ̀ ẹja lọ́jọ́sí. Ṣíṣubú sómi ni mo sọ."

Gàníyù ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹjọ́ ti tán."

Nígbàkígbà tí mo bá bi ìyàwó mi léèrè lẹ́yìn náà pé èwo ló sọ gan-an, tú ni àbí tù, èsì kan náà ló máa ń fún mi: "Èwo lẹ gbọ́?"

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ kékeré mú ẹja ńlá, kó má gbé e mọ́ra rárá. Kó jẹ́ kí ẹja jà lóde títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, kó máa tu ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ wá sétí omi, kí ẹja máa bọ̀ lẹ́yìn. Tó bá sì ní ìyàwó tó ń pariwo létí omi, kó kọ́kọ́ sún mọ́ ọn kó tó dá a lóhùn.

Ọkọ̀ náà kò kan dáàmù mọ́. Ẹ̀yìnkùlé wa ló wà, ẹ̀gẹ́ ni ìyàwó mi ń rẹ sí i. Nígbà tí àwọn tó wá kẹ́dùn ti lọ tán, òórùn ló rán mi létí pé ẹ̀gẹ́ tó rẹ kẹ́yìn ṣì wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rántí kó. Ó ti bàjẹ́ kọjá ohun tí a lè sá. Gàníyù dúró tì mí, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká dà á nù, ká fọ ọkọ̀ yín. Ó ti padà di tiyín."

"Gàníyù, mo ṣubú sómi. Ìwọ náà wà níbẹ̀."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó bá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní kó máa lọ sílé rẹ̀, mo máa ṣe é.

Mo dà á nù, mo fọ ọkọ̀ náà tinú tẹ̀yìn. Mo wa ẹ̀gẹ́ tútù lóko, mo jókòó lórí àpótí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Mi ò bó ẹ̀gẹ́ rí láyé mi. Ohun tí mo gé mọ́ èèpo pọ̀ débi pé àwọn ewúrẹ́ àdúgbò fẹ́ràn mi lójijì. Mo rẹ́rìn-ín ara mi. Mo kó èyí tó ṣẹ́ kù sínú ọkọ̀, mo sì pọn omi sí i títí ó fi bò ó.