Kọ́kọ́ Kí I, Kí O Tó Kọlù Ú

Pápá họ́kì orí yìnyín kan ní Downsview, ọ̀sán Sátidé, àkókò ìsinmi láàárín eré. Gbóyèga, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ Ameen àti àwọn eléré líìgì kékeré yòókù, yíjú sí Modinat, ìyá Ameen, tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀ lẹ́yìn bẹ́ǹṣì àwọn eléré.

"Auntie, ẹ gbà mí! Ọmọ yín ò fẹ́ kọlu ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ kíkọlura wà nínú eré yìí."

"Alhamdulillah."

"Ẹ má dúpẹ́, Auntie! Ẹ rí ọkùnrin onírùngbọ̀n ńlá yẹn, nọ́mbà mẹ́rin ẹgbẹ́ kejì? Bó bá ti ń bọ̀, ṣe ni Ameen ń yà fún un lọ́nà. Mo ní kí ló dé, ó ní bàbá ẹnì kan ni."

Modinat rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀kọ́ ilé. Ọyàn mi ló ti mu ún."

"Ẹ̀kọ́ yẹn ló fẹ́ pa á! Ọkùnrin oníjákẹ́ẹ̀tì búlúù tó wà lókè yẹn, líìgì ńlá ló ti wá. Ó wá ṣa ọmọ tí wọ́n máa mú lọ ni. Bí Ameen ò bá gbé nọ́mbà mẹ́rin ṣubú lónìí, ibí náà la jọ máa wà lọ́dún tó ń bọ̀, tí a óò máa jẹ búrẹ́dì tútù nínú bọ́ọ̀sì."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Modinat. "Ọmọ ọdún mélòó ni bàbá náà?"

"Mẹ́rìndínlógójì."

"Ó ti bímọ?"

"Mẹ́ta."

"Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta! Òun lo ní kí ọmọ mi tì ṣubú?"

"Iṣẹ́ rẹ̀ ni, Auntie! Wọ́n ń sanwó fún un pé kí àwọn èèyàn máa kọlù ú ni."

Modinat ronú díẹ̀. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ kí i."

"Lórí yìnyín?"

"Ṣé ìkíni máa ń yọ̀ ṣubú ni? Kó kí i, kó kọlù ú, kó wá tọrọ àforíjì. Sọ fún un pé èmi ni mo rán ẹ."

Gbóyèga sáré wọlé lọ jíṣẹ́. Eré tún bẹ̀rẹ̀. Nọ́mbà mẹ́rin ń da rọ́bà dúdú tí wọ́n ń gbá bọ̀. Ameen tẹríba fún un. Ẹnu ya ọkùnrin náà, ó gbójú sókè wò ó.

Gbàà! Ameen kọlù ú, ọkùnrin náà lẹ̀ mọ́ ògiri.

"Auntie, ó ti ṣe é!"

Àmọ́ iṣẹ́ tí ìyá rán kò tíì tán. Ameen dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá náà, gẹ́ẹ́ lójú ọ̀nà góòlù wọn.

"Ameen, dìde! Wọ́n ti gba rọ́bà, wọ́n fẹ́ gbá a sí góòlù wa! Yéè! Auntie, ẹ ti bà á jẹ́!"

Ẹnì kan lára àwọn ọ̀tá na rọ́bà kíkankíkan. Ó ba Ameen níhà níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, kò sì kọjá ibẹ̀. Gbogbo pápá hó yèè. Oníjákẹ́ẹ̀tì búlúù sọ̀ kalẹ̀ wá, ó sọ̀rọ̀ sí Gbóyèga létí.

Modinat di bùláńkẹ́ẹ̀tì mú. "Kí ni wọ́n wí?"

"Ó ní òun ń mú un lọ, Auntie." Gbóyèga yíjú wo Ameen. "Ó ní látìgbà tí òun ti ń ṣa ọmọ, òun ò tíì rí ẹni tó fi gbogbo ara dí góòlù báyẹn. Ó ní ta ló kọ́ ọ."

Modinat tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Sọ fún wọn pé ó ní àbúrò méjì nílé ní Milton. Àwọn yẹn, kò sí ẹni tí wọn kì í dọ̀bálẹ̀ fún."