Káàdì Fọlábí àti Abẹ Yẹ̀kínì

Bó bá ṣe pé ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́lé ni, Fọlábí Ògúnlẹ́yẹ ì bá ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yí gbogbo Èrúwà po. Ẹnu ọ̀hún ti ń dà á láàmú kó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀n o, àmọ́ ìgbà tó padà dé lọ́dún 1988 ló wá di àrùn. Ọdún méjì péré ló lò lọ́hùn-ún, ó ní òun ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń jẹ láfún!

Ohun tó fi ń yan jù ni káàdì pẹlẹbẹ kan tó ń dán bí ìpẹ́ ẹja. Bó bá ti rí èèyàn méjì tó dúró, á fà á yọ. "Káàdì àwìn rèé! Èmi kì í gbówó dání bí ará oko!"

Láàárọ̀ Sátidé kan, ó fẹ́ lọ fojú han àwọn òbí Rosaline, tíṣà tó fẹ́ fi ṣaya, ní Igbó-Ọrà. Owó ọkọ̀ nìkan ló kù lápò rẹ̀. Ló bá kọrí sí ìsọ̀ Yẹ̀kínì onígbàjámọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fá a kodoro fún mi."

Yẹ̀kínì pọn abẹ, ó fá apá ọ̀tún, orí ń dán. Ló bá béèrè pé, "Àbúrò, owó ńkọ́?"

Fọlábí rẹ́rìn-ín. "Ní Lọ́ńdọ̀n, òfin ò gbà kí wọ́n béèrè owó lọ́wọ́ oníkáàdì lójú ẹsẹ̀! Ó dìgbà tí ìwé owó bá dé lópin oṣù. Bó bá dé tán, wọ́n tún gbọ́dọ̀ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko sílẹ̀ fún mi, kí wọ́n tó lè bu èlé lé e."

"Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá wá kọjá ńkọ́?"

Fọlábí wúkọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn! Ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ti kọjá tipẹ́, èlé ti gun owó bí ẹni gẹṣin, àwọn tó ni káàdì sì ti sọ káàdì ọ̀hún di òkú. Owó yíyá a máa yá; sísan rẹ̀ ni kì í yá!

Yẹ̀kínì nu abẹ, ó tì í bọ inú awọ.

"Òfin yín dáa. Apá ọ̀tún ti di àwìn. Bí ìwé owó bá dé, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, wá gba apá òsì."

"Ẹ̀gbọ́n! Ìdajì orí?"

"Fọkàn balẹ̀, mi ò ní bu èlé lé e."

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bí Fọlábí bá fi owó ọkọ̀ san owó orí fífá, ẹsẹ̀ ni yóò fi rin dé Igbó-Ọrà. Bó bá bẹ̀bẹ̀, Èrúwà á gbọ́. Ó gbé fìlà dé, ó fìbínú jáde. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èyí tó bá fi káàdì jẹ ẹ́, orí ara rẹ̀ ni yóò rù.

Lẹ́yìn ọ̀kadà Gàníyù tó ń gbé e lọ sí Igbó-Ọrà, ó fọwọ́ méjèèjì di fìlà mú.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé owó lẹ kó sábẹ́ rẹ̀ ni?" ni ọlọ́kadà bi í.

Fọlábí tún fa fìlà wálẹ̀ bo etí.

Ní pálọ̀ àwọn àna, Bàbá Rosaline jókòó lápá ọ̀tún, ìyàwó rẹ̀ lápá òsì. Fọlábí bọ́ sáàárín, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ tòun ti fìlà.

"Háà! Ilé ta ni wọ́n ti ń dé fìlà kí àna?" ni Bàbá jágbe.

Ó ṣí i. Ó nà gbalaja.

"Yéè! Màmá Rosaline, apárí ni!"

"Apárí báwo, Bàbá Rosaline? Irun tó kún bí igbó yìí!"

"Irun wo? Orí tó ń dán bí àwo! Ojú rẹ ti ń fọ́."

"Tiyín ló fọ́! Ẹ bá mi sọ fún un kó gé díẹ̀ nínú ẹ̀!"

Òógùn bo Fọlábí nílẹ̀ tó wà. "Ẹ má jà nítorí mi," ó ní. "Àṣà... àṣà tuntun Lọ́ńdọ̀n ni."

Rosaline gbé omi àlejò wọlé. Ó wo ọ̀tún orí, ó yí lọ sí òsì, ó wo ibẹ̀ náà fínnífínní. Ó rọra gbé ife kalẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Fọlábí," ó ní, "ìbejì kì í ṣe tuntun sí wa ní Igbó-Ọrà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ló wá fẹ́ mi?"