Báálì Tokuzo Kọ Etí Ikún

Ìròyìn gba abúlé Kusahara kan: ọkà báálì Tokuzo ti ya adití. Shigematsu, aládùúgbò rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò ní bíréèkì, ló gbé e kiri. Ojú ti Tokuzo débi pé ó gun katakata láti tú gbogbo oko náà dànù. Chigusa, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń kọ́ nípa ewéko ní yunifásítì, lọ dúró síwájú katakata bí òpó iná.

"Yàgò lọ́nà! Ti Shigematsu ti kan àyà, tèmi ò kọjá orúnkún!"

"Bàbá, irúgbìn tí bàbá yín fi sílẹ̀ nìyí. Kò sí níbòmíràn mọ́. Tẹ́ ẹ bá tú u, ó parí nìyẹn. Kí lẹ tiẹ̀ fún un?"

"Oògùn ìdàgbà ni mo fín sí i! Ẹni tó tà á ní mọ̀lẹ́bí èyí táwọn tó ń gbé irin fi ń mú iṣan wú ni."

"Kò parọ́. Ewéko pàápàá ń ṣe irú oògùn bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú ara."

"Ewéko? Irin wo ló fẹ́ gbé?"

"Ọrùn ara rẹ̀ ni. Ońṣẹ́ ni oògùn yẹn, Bàbá. Á kan ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Aṣọ́nà á gbọ́, á ké sínú ilé pé, 'Ẹ tú ìgbànú, ẹ na ara!' Bí ewéko ṣe ń ga nìyẹn. Ti báálì yín, etí aṣọ́nà rẹ̀ ló wúwo."

Tokuzo fẹ́rẹ̀ẹ́ ré bọ́ lórí ìjókòó. "Yéè! Òótọ́ ni Shigematsu sọ!"

"Ìdajì òótọ́ ni. Ká ní ó dití pátápátá ni, kò ní ga ju bàtà yín lọ."

"Oògùn mi ńkọ́? Odindi kẹ́ẹ̀gì!"

Chigusa nawọ́ sí etí oko. Koríko ibẹ̀ ti ga ju katakata lọ.

"Àwọn yẹn gbọ́ yín ketekete."

"Ṣé orí bàbá mi tiẹ̀ pé, tó fi ń tọ́jú irúgbìn elétí wíwúwo?"

Kí Chigusa tó dáhùn, ìjì òjò ya lu oko. Ó ṣí fìlà Tokuzo, ó gbé e fò kọjá ọgbà ọsàn tó wà láàárín oko wọn sóko Shigematsu. Tokuzo dìde dúró lórí katakata kó lè rí i. Ó rí i lóòótọ́. Gbogbo báálì Shigematsu ti sùn gbalaja bí ẹni tó mu ọtí yó, fìlà jókòó lé e lórí. Tokuzo bojú wẹ̀yìn: tirẹ̀ dúró ṣánṣán.

"Èyí tó ga ni ìjì ń rí mú," ni Chigusa wí. "Bàbá yín mọ ohun tó ń ṣe."

Tokuzo pa katakata. Kò tilẹ̀ wá fìlà mọ́; ilé ìpàdé ló sáré gbà lọ, ó já gbohùngbohùn tí wọ́n fi ń kéde fún gbogbo abúlé gbà.

"Ẹ̀yin ará Kusahara, èmi Tokuzo fúnra mi ni. Wọ́n ní báálì mi ò gbọ́ràn. Òótọ́ ni! Ti Shigematsu ló gbọ́ràn. Ẹ lọ wò ó, ó ti dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ẹ bá mi sọ fún un kó má dìde láìdá fìlà mi padà."