Oko Tèmi-Ni

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun ìgbàgbé. Tèmi-Ni ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tuntun ẹlòmíràn, á máa fọwọ́ nu gíláàsì rẹ̀ títí ẹni tó ń kọjá á fi kí i kú oríire, kò sì ní sọ pé rárá. Tèmi-Ni, ọkọ ohun tí kò rà. Tèmi-Ni, a-bá-onílé-yan-ju-onílé-lọ.

Ọ́fíìsì ni ọ̀rọ̀ ti wá burú. Wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa fi ṣe igbákejì ọ̀gá, ọ̀gá náà sì fẹ́ràn ẹni tó bá ń dáko. Ni Tèmi-Ni bá la ẹnu, ó ní òun ní oko mángòrò tó lọ súà. Ọ̀gá ní kó fi oko náà han òun kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kó sì gbé èso rẹ̀ díẹ̀ wá kí òun tọ́ ọ wò. Láti ọjọ́ náà ni kò ti rí oorun sùn, nítorí pé ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ní láyé ni èyí tó wà nínú ìkòkò òdòdó ìyàwó rẹ̀.

Àfi bí ẹni pé orí bá a ṣe é. Kékeré, ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún, wá sọ nílé pé kíláàsì àwọn ń lọ wo oko èso, wọ́n sì ń wá òbí tó máa tẹ̀ lé wọn. Ìyàwó ti ń múra. Tèmi-Ni ní kó jókòó, òun á lọ. Ẹnu ya ìyàwó, torí ọkùnrin yìí ò mọ kíláàsì tí ọmọ rẹ̀ wà.

Kóòtù tó gùn dé orúnkún ló wọ̀ nínú ooru ọjọ́ náà. Ó ti ní kí télọ̀ rán àpò sí inú rẹ̀, àpò tí odidi búrẹ́dì lè sùn sí. Nígbà tí tíṣà béèrè bóyá ara rẹ̀ ò yá, ó ní èèyàn ńlá kì í wọ ẹ̀wù penpe.

Nígbà tí wọ́n dé oko, ìyá olóko kó àwọn ọmọ jọ, ó ṣàlàyé. Igi kúkúrú tó wà nítòsí géètì ni kí wọ́n ti ká, ibi tí ọwọ́ oníkálukú bá mọ. Kí ẹnikẹ́ni má dé ìdí àwọn igi ẹ̀yìn tí òun so aṣọ funfun mọ́. Òun fi tanpẹ́pẹ́, eèrà orí igi tó ń géni jẹ, sílẹ̀ níbẹ̀ ni, torí pé àwọn ló ń lé kòkòrò tó ń ba èso jẹ́. Òun kì í fín oògùn rárá.

Àwọn ọmọ ń gbọ́. Tèmi-Ni ò gbọ́ nǹkan kan. Fọ́tò ló ń ya ara rẹ̀, tó ń nawọ́ sí igi bí ẹni tó ń pàṣẹ fún lébìrà.

Ìgbà tó wo ẹ̀yìn, ó rí mángòrò ràbàtà-ràbàtà, ẹnikẹ́ni ò sì sí níbẹ̀. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n fi èyí tó dára pa mọ́ sí fún àwọn èèyàn pàtàkì, ta ló sì tún ṣe pàtàkì ju òun lọ? Ó yọ́ lọ, ó ká a kún gbogbo àpò. Kékeré sáré tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ó ní wọ́n ti ní kí àwọn má dé ibẹ̀. Ó ní kó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ó fi fóònù pe ọ̀gá kí wọ́n lè máa wo ojú ara wọn.

"Ọ̀gá, ẹ káàsán sà. Oko tí mo ń sọ rèé. Gbogbo ibi tí ojú yín tó yìí, tèmi ni."

"Ó mà dáa o. Ta ló ń bá ẹ ṣọ́ ọ?"

"Mo ní àwọn ọlọ́dẹ sà. Wọn kì í sùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí ọlọ́dẹ àkọ́kọ́ fi dé ọrùn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀gá, ó fi èjìká họ etí. Èkejì wọ abíyá. Àwọn tó kù gba ojú ọ̀nà ṣòkòtò lọ síbi tí a kì í dárúkọ lójú ọmọdé. Àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a; èyí tí Tèmi-Ni pa lórí fóònù ò lọ tó ogún ìṣẹ́jú.

Ó ju fóònù sílẹ̀. Kóòtù bọ́, ṣẹ́ẹ̀tì bọ́, bẹ́líìtì já, mángòrò yí káàkiri ilẹ̀. Gbogbo kíláàsì ti sáré dé. Tíṣà fẹ́ ní kí wọ́n má rẹ́rìn-ín, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ti dijú, ó ń gbọ̀n.

Kékeré mú fóònù nínú koríko. Ó rí ojú àgbàlagbà, ó kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ọ̀gá béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Tanpẹ́pẹ́ ló ń jẹ dádì mi sà. Ìyá olóko ti ní ká má dé ibí, wọn ò gbọ́."

"Ìyá olóko kẹ̀? Ṣebí dádì ẹ ló ni oko?"

"Rárá sà. Ilé ìwé wa ló kó wa wá. Àwa ò ní oko. A ò tiẹ̀ ní igi."

Ọ̀gá ní kó bá òun jíṣẹ́ kan fún dádì rẹ̀. Wọ́n sì ti kọ́ àwọn ọmọ yìí ní kíláàsì pé ẹni tí wọ́n bá rán níṣẹ́, kó jẹ́ ẹ sókè ketekete kí gbogbo èèyàn gbọ́. Kékeré dìde, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Dádì, ọ̀gá yín ní kí ẹ jókòó ti oko yín. Wọ́n ní àwọn á fi ẹlòmíì ṣe igbákejì."

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún un, torí ó jẹ́ ẹ dáadáa. Tèmi-Ni fi ọwọ́ méjèèjì di ṣòkòtò rẹ̀ mú, torí ṣòkòtò yẹn nìkan ló kù lọ́jọ́ náà tó lè pè ní tiẹ̀.