Ẹni Tó Ń Yọjú Wo Ẹnu Ọmọ

Mukhtar, akọ̀wé tó ń ka ọmọ tuntun fún àwọn elétò ìlera, dé ìlú Imeke láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lòun máa lò lọ́dọ̀ Màmá Tẹjúmádé, agbẹ̀bí. Ẹni tó mọ Màmá kò jẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bá Màmá lábẹ́ igi, tó gbé Ummusalamah, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án, sórí itan, ọmọ ń ké.

"Màmá, ọmọ mélòó ni wọ́n bí sọ́wọ́ yín lọ́dún yìí?"

"Wọ́n pọ̀."

"Iye wọn ni mo fẹ́."

"Ṣé o ò gbọ́ rí ni pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ?"

"Ọmọ tí àjà ẹnu rẹ̀ là la ń wá, Màmá. Bí mo bá ní a rí ẹyọ kan, wọ́n á ní kan nínú mélòó? Kan nínú mẹ́wàá ò jọ kan nínú ẹgbẹ̀rún. Iye yẹn ni wọ́n á fi mọ ibi tí wọ́n máa rán dókítà lọ."

Màmá bá nawọ́ sẹ́yìn ilé. "Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, bàbá ọmọ á gbin àgbọn kan síbẹ̀ yẹn. Ìlà iwájú ni tọdún yìí. Kíka àgbọn ò ní èèwọ̀."

Mukhtar sáré lọ, ó sáré bọ̀, òógùn bò ó. "Mọ́kànlélógójì!"

"Ewúrẹ́ jẹ méjì."

"Háà! Àwọn ọmọ méjèèjì náà ńkọ́?"

"Wọ́n wà ńlé wọn. Ewúrẹ́ wa kì í jẹ ọmọ."

Ó kọ mẹ́tàlélógójì sílẹ̀. "Nínú wọn, àjà ẹnu mélòó ló là?"

"Kò sí. Ètè gbogbo wọn ló pé."

"Ètè lè pé, kí àjà là nínú lọ́hùn-ún. Ṣé ẹ máa ń wo inú ẹnu wọn?"

"Èmi! Kí n máa yọjú wo ẹnu ọmọ bí ẹni ń yọjú wo ìkòkò ọbẹ̀ alájọgbé? Ọmọ tó bá ti ké, ẹnu rẹ̀ dáa."

Ọmọ tún figbe ta. Màmá fi ṣíbí fún un ní wàrà ọmú tí ìyá rẹ̀ fún sílẹ̀ kó tó lọ pọnmi. Díẹ̀ wọlé, èyí tó kù gba imú jáde.

"Ṣé o rí Ummusalamah, wọ̀bìà? Ẹnu nìkan ò tó o, ó ń fi imú kún un! Síbẹ̀, kò sanra."

Mukhtar sún mọ́ ọmọ náà. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tó dáyé."

Mukhtar tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, ó dúró títí ọmọ fi lanu. Ihò wà láàárín àjà náà, gbayawu.

"Màmá, ẹ wò ó."

Màmá wò ó. Ẹ̀rù bà á gan-an, ó gbá ọmọ mọ́ra. "Ovi ṣie," ló fi èdè Ègùn pè é, "ọmọ mi, ebi ló ń pa ọ́, èmi ń pè ọ́ ní wọ̀bìà. Mukhtar, ṣé kò ní kú?"

"Kò ní kú, Màmá. Tí ìyá rẹ̀ bá dé báyìí, a jọ ń lọ sí sẹ́ńtà ìlera ni. Nọ́ọ̀sì á kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbé e nàró bọ́ ọ. Tó bá dàgbà díẹ̀, dókítà á rán àjà náà pọ̀."

Màmá mí kanlẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀ tán ló tó rántí ìjà. "Ṣùgbọ́n kó o tó dé, kò sí ẹyọ kan. O dé tán, ó di kan nínú mẹ́tàlélógójì. Ìwọ lo gbé e wá!"

"Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. A ò wò ó ni."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

Mukhtar yíjú wo ìlà àgbọn.

Màmá já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Tá a bá ti sẹ́ńtà dé, ilé Ganiyat, tí òun náà bímọ lọ́dún yìí, la ó ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí sọ́wọ́ mi ni màá yọjú wo ẹnu rẹ̀." Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú. "Ọwọ́ ta ni wọ́n bí ìwọ sí?"

"Ọwọ́ yín ni, Màmá, àmọ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí!"

"Ya ẹnu."

Ó ya ẹnu. Màmá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo òkè pátápátá.

"Àjà pé," ni Màmá wí. "Ọ̀rọ̀ ló kàn kún ibẹ̀."