Ìlù Tó Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Ìyá Ìyàwó Mi

Ọjọ́ tí wòlíì wá lé ẹ̀mí àìmọ́ lára ìlù mi, bí mo hu ewú tán, n ò lè gbàgbé ẹ̀.

Níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Íkàrẹ́, èmi ni mò ń lu sínéà, ìlù pẹlẹbẹ olówáyà tí a fi ń yan wọ kíláàsì. Ọba ni mí láàárọ̀. Tí ìṣirò bá dé, mo di ẹrú. Adùn yẹn ò kúrò lára mi. Bí mo bá ti gbọ́ báyìí pé ṣọ́ọ̀ṣì kan ní sínéà àtijọ́ tí eruku ń jẹ, ní Etíòrò ni o, ní Ìkáràm ni o, mo ti gun ọ̀kadà lọ rà á. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n máa ń gbà. Nígbà tí ìyàwó mi bímọ, kò sí àyè ìjókòó nílé mọ́.

Ó ní, "Bàbá Ìyanu, ìlù kankan ò gbọdọ̀ wọlé yìí mọ́ o!"

Mo lọ mú ìyá rẹ̀ wá láti Ọ̀kà kó wá bá wa wẹ ọmọ. Mo mú un wá lóòótọ́. Mo sì mú sínéà kan pẹ̀lú, nínú àpò ìrẹsì, mo sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá. Ta ló máa wá a débẹ̀?

Ilẹ̀ mọ́, Màmá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. "Jésù!"

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì dáhùn: "Ṣììììì."

Wáyà abẹ́ sínéà máa ń gbọ̀n bí ohùn bá ròkè. Màmá ò mọ̀. Ó tún pè, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tún dáhùn, ni Màmá bá figbe ta. Ta ló sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ń dáhùn àdúrà? Ìyàwó mi dúró pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn.

Mo ní, "Bóyá eku ni."

Màmá ní, "Eku tó ń ṣàmín?"

Wọ́n pe wòlíì àdúgbò. Ó mi agogo, wáyà ìlù mi gbà á kíkankíkan. Ó ní ẹ̀mí náà lágídí, pé ìdílé bàbá ọmọ ló ti wá. Ó kúkú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Ó fẹsẹ̀ janlẹ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì hó yàà, wòlíì sì rántí pé òun ní ìsìn níbòmíràn.

Màmá ti ń di ẹrù. "Mò ń lọ s'Ọ́kà. Tí ẹ bá lé e tán, ẹ pè mí."

Ìyàwó mi bú sẹ́kún. "Màmá, ẹ má fi mí sílẹ̀. N ò tíì sùn látìgbà tí mo ti bí i."

Ẹkún yẹn dùn mí wọra. Mo dọ̀bálẹ̀, mo rá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fa ìlù jáde.

Màmá wò ó, ó wò mí. "Orí ìlù lo ní kí n máa sùn?"

Ó gbé báàgì kalẹ̀, ó ní kí n gbé ìlù náà tẹ̀ lé òun lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí omi ìwẹ̀ ọmọ wà. Ó jókòó lé sínéà mi gbọnyin, ó na ẹsẹ̀, ó gba ọmọ.

"Gíga ẹ̀ ṣe wẹ́kú," ló wí.

Mo la ẹnu. Ìyàwó mi wò mí. Mo ní, "Ẹ jókòó dáadáa, Màmá."

Ẹ gbọ́ tèmi: bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan pamọ́, ẹ wá èyí tí kì í fọhùn. Awọ ìlù náà ti fà ya lábẹ́ ìjókòó Màmá. Mo rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín náà pàápàá rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n Màmá ò lọ. Ọmọ ti sùn, ìyá rẹ̀ náà ti sùn. Ẹ jẹ́ kí èmi náà lọ sùn.