Erìgì Télọ̀ àti Ṣòkòtò Dókítà

Yàrá kékeré kan ni, ní ilé ìwòsàn eyín. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ló pín in níyà kúrò lára yàrá ńlá tí ọ̀gá àgbà ti ń gba àlejò. Bí ẹnì kan bá sín lọ́hùn-ún, ẹni tó wà níhìn-ín lè kí i. Télọ̀ àgbàlagbà kan jókòó sórí àga aláìsàn, ó fi aṣọ ìnujú bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Dókítà dúró tì í. Láti àárọ̀ ló ti wà lórí ìdúró, kì í sì í ṣe pé àga wọ́n o. Ṣòkòtò tó wọ̀ ló fà á. Télọ̀ yìí kan náà ló rán an fún un, ọ̀nà ìgé aṣọ tuntun kan tí bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò, ó sì há a ní ìdí bíi pé ara ni wọ́n rán an mọ́. Àmọ́ nígbà tí bàbá bi í léèrè, ó ti dáhùn pé ó bá òun mu rẹ́gí. Ta ni yóò wo ojú àgbà kó ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò dáa?

Dókítà náà ní ohun tó ń dán wò. Oògùn tuntun kan ni, wọ́n fi ń pa erìgì lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ eyín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tó ń bójú tó ìwádìí náà bóyá kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé. Gbogbo aláìsàn tó ti bi léèrè ló ní àlàáfíà ni. Àlàáfíà náà ti wá pọ̀ jù, ẹ̀rù sì ti ń ba Dókítà.

"Bàbá, ṣé ara le?"

"Ara le, a dúpẹ́."

"Oògùn erìgì yẹn ńkọ́? Kò yọ yín lẹ́nu?"

"Yọ mí lẹ́nu kẹ̀? A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Kí wá ni aṣọ ìnujú ń ṣe lẹ́rẹ̀kẹ́ yín?"

"Ooru ni."

Dókítà gbójú sókè wo ẹ̀rọ amúlétutù tó ń fẹ́ yẹ́ẹ́ lára ògiri. Télọ̀ náà gbójú sókè wò ó. Àwọn méjèèjì gbójú wálẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ooru ń mú?"

"Ibi tó bá wu ooru ló ń mú, Dókítà. Ẹ jókòó ná, ẹ ti dúró jù."

"Rárá, mo fẹ́ràn ìdúró. Bàbá, ẹ gbọ́ mi. Kì í ṣe pé mo ń kí yín. Ìwádìí ni mò ń ṣe. Bí mo bá ní ṣé ara le, tí kò bá le, ẹ ní kò le."

Télọ̀ wò ó bíi pé ó ní kó bọ́ra sílẹ̀ láàárín ọjà.

"Kí n fi ẹnu ara mi pe àìsàn? Wọ́n kọ́ mi nílé, Dókítà. Bí wọ́n bá kí èèyàn, a dúpẹ́ ló ń jẹ́. Lọ́jọ́ tí mo já bọ́ láti orí àkàbà, ilẹ̀ ni mo wà tí aládùúgbò mi fi bi mí pé ṣé dáadáa ni. Mo ní a dúpẹ́."

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó kọjá lọ. Kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ti kán."

"Ẹ ò rí nǹkan! Bí ẹ bá ti sọ ni, ì bá gbé yín."

"Ó kúkú padà wá. Ó ní, ẹ kú ìjókòó."

Dókítà mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n kò mí tán, nítorí ìgbátí ṣòkòtò kò gbà á láyè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í là á yé bàbá. Ó ní oògùn náà kì í ṣe ọmọ òun, bó bá burú òun kò ní ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ó ní ohun tí àgbà bá fi pa mọ́ lónìí, ọmọdé ni wọn yóò fi pa lérìgì lọ́la. Télọ̀ mi orí. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ó ní Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àwọn ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ tẹ aṣọ ìnujú.

"Nǹkan kan wà ṣá. Kì í ṣe èmi o. Ọ̀rẹ́ mi kan ni."

Dókítà rọra sún mọ́ ọn. "Kí ló ṣe ọ̀rẹ́ yín?"

"Oògùn yìí náà ló ń lò. Bó bá ti fi pa erìgì, ibẹ̀ á máa ta á bí ata. Ahọ́n rẹ̀ kò sì mọ iyọ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló fura. Ó mọ̀ọ́mọ̀ se ọbẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó ní ṣé ó dùn."

"Kí ni ọ̀rẹ́ yín wí?"

"Ó ní ó dùn gan-an."

"Ìyàwó wá ńkọ́?"

"Ó bínú. Ó ní bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ bá lè dùn tó yẹn, a jẹ́ pé gbogbo 'ó dùn' tí òun ti ń gbọ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó, irọ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi kò tíì rí ọ̀nà bá a sọ̀rọ̀ títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí."

"Ẹ̀gbẹ́ wo ni wọ́n ti yọ eyín ọ̀rẹ́ yín?"

"Òsì."

"Ta ló yọ ọ́?"

"Dókítà kan báyìí. Ọmọ dáadáa ni. Ọ̀rẹ́ mi ò fẹ́ kójú tì í."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Dókítà lára. Àánú bàbá ṣe é, ẹ̀rù sì tún bà á nítorí àwọn aláìsàn tó kù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ẹ bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé ojú ò ní tì mí. Oorun ni mi ò ní rí sùn bó bá dákẹ́. Ẹ ní kó gbé aṣọ ìnujú kúrò, kó la ẹnu."

Aṣọ ìnujú rọra sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá ti wú bí ẹni tó fi ọsàn sẹ́nu. Dókítà gbàgbé ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kíá láti wo inú ẹnu náà. Ohun kan ya lẹ́yìn rẹ̀, fàà.

Ó fi ọwọ́ kan bo ìdí, ó fi èkejì fa iná sọ́dọ̀. Erìgì ti bó. Ó ní kí bàbá má tún fọwọ́ kan oògùn náà mọ́, òun máa tọ́jú ibẹ̀ kó tó lọ. Ó gbé fóònù lórí tábìlì, ó pe àwọn tó ń bójú tó ìwádìí, ó ní kí wọ́n dá oògùn náà dúró lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, kí wọ́n pe gbogbo àwọn tó sọ pé àlàáfíà ni padà, kí wọ́n sì bi wọ́n léèrè bí ọ̀rẹ́ wọn ṣe ń ṣe.

Télọ̀ ń wo ọwọ́ tó wà lẹ́yìn.

"Dókítà, kí ló ya?"

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá."

"Ṣòkòtò yẹn, ṣé ó bá yín mu?"

"Ó bá mi mu. A dúpẹ́."

"Dókítà. Mo la ẹnu fún yín."

Dókítà wo ilẹ̀. "Ó há, Bàbá. Láti ọjọ́ tí mo ti gbà á, mi ò tíì lè fi jókòó."

Télọ̀ fò dìde lórí àga, ó gbàgbé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ sì ní rẹ́gí ni! Nítorí rẹ́gí yín ni mo ṣe gé ti ọ̀gá àgbà yín bẹ́ẹ̀. Mo rí i lẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe ń wọlé, ṣòkòtò náà ló wọ̀. Ó ní àlejò pàtàkì ń bọ̀, òun fẹ́ tẹríba kí wọn."

Àwọn méjèèjì yíjú sí ògiri pákó. Lọ́hùn-ún, wọ́n gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí, tí wọ́n ń kí ara wọn káàbọ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan ya, fàà.

Ohùn ọ̀gá àgbà ló kọ́kọ́ jáde: "Kò sí nǹkan kan. A dúpẹ́."